Bọ́ọ̀lù Tó Kan Igi

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni sójà méjì kan ilẹ̀kùn Bàbá Tíṣà. Wọ́n ṣí fìlà kí wọ́n tó la ẹnu, ìyàwó rẹ̀ sì ti fi igbe ta. Mẹ́jọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi ipò rẹ̀ pe ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ti kú sójú ogun.

Èyí tó jẹ́ ọ̀gá ka ìwé rẹ̀ tán, ó jáde. Èkejì, tó máa ń lọ aṣọ Mẹ́jọ̀, fà sẹ́yìn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o. Kíríkẹ́ẹ̀tì, eré bọ́ọ̀lù onígi yẹn, ló gbé Mẹ́jọ̀ lọ síbẹ̀.”

Ó ní àwọn sójà ń bá ọlọ́pàá du ife. Mẹ́jọ̀ ló mú igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù, òun sì ni ẹni ìkẹyìn tó máa gbá a. Ayò mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n gba ife. Bọ́ọ̀lù rọra ha igi rẹ̀ lára, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbá a mú. Rẹfirí kò gbọ́ ọ, ó mi orí pé kò kan igi. Ṣùgbọ́n Mẹ́jọ̀ fúnra rẹ̀ rìn jáde. Bí ife ṣe lọ nìyẹn.

“Ọ̀gágun ní ẹni tí òótọ́ rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, iwájú ogun ló yẹ ẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé e lọ.”

Bàbá Tíṣà jókòó. Òun ló kọ́ ọmọ náà ní pápá ilé ìwé: bí bọ́ọ̀lù bá kan igi rẹ, tí wọ́n sì mú un kó tó kan ilẹ̀, o ti jáde nìyẹn, má dúró de rẹfirí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ọmọ aráyé ń dúró kí wọ́n lé wọn. Tiyín nìkan lẹ kọ́ pé kó lé ara rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ọmọ mi lẹ wá gbé lé àtẹ.”

Bàbá Tíṣà, tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, dìde, ó sin sójà náà dé ẹnu ọ̀nà.

Lóṣù kejì, àwọn sójà gbá kíríkẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe ìrántí Mẹ́jọ̀. Ọ̀gágun pe Mẹ́jọ̀ ní akin, ó pè é ní ọmọ òun, ó sì ní kí Bàbá Tíṣà wá mú igi, kó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún ẹ̀yẹ. Wọ́n rọra jù ú sí i. Ó ha igi, ẹni tó wà lẹ́yìn gbá a mú. Ìró yẹn kò ju kí èèyàn fi èékánná kan tábìlì lọ.

“Kò kàn án!” Ọ̀gágun ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ẹ dúró jàre, ẹ tún un gbá!”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bó bá dúró, ó ti gbà pé òun ṣi ọmọ náà kọ́ nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ pápá jìnnà sí orúnkún àgbà. Bàbá Tíṣà rìn ín.