Ọmọ Tí Wọ́n Pa Nínú Fíìmù

Ìyá tó ń tún ìwé tó ti ya ṣe ní ilé ìkàwé kì í ṣe ẹni tó ń lọ sí ilé sinimá. Ọ̀ràn ló gbé e débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ọkùnrin kan pa ọmọbìnrin tó jẹ́ àkọ́bí Ìyá sí ọ́fíìsì tí ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Akọ̀ròyìn kan fi ọ̀rọ̀ náà kọ ìwé. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń wá jókòó sí pálọ̀ Ìyá, tó ń béèrè bí ọmọ náà ṣe ń rìn àti ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín. Abájọ tí ọmọ náà fi wà láàyè kedere nínú ìwé náà: ó kúrú, ohùn rẹ̀ há, ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, ẹ̀rín a sì máa gbé e kó tó parí àwàdà tó fẹ́ ṣe. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n tún un kà, títí ẹ̀yìn èyí tó wà ní ilé ìkàwé fi já. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá ti fi gọ́ọ̀mù àti òwú tún un dì. Orí keje, níbi tí wọ́n ti pa ọmọ náà, nìkan ni kì í kà. Ńṣe ló máa ń di gbogbo ewé ibẹ̀ mú pọ̀, á gún abẹ́rẹ́ sí i láìwo lẹ́tà kan.

Nígbà tí wọ́n wá fi ìwé náà ṣe fíìmù, àbúrò rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má lọ wò ó. Etí ikún ló kọ sí i. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe ọ̀gá ilé ìkàwé ni Ìyá sọ ìdí rẹ̀ fún.

“Lọ́jọ́ tó kú, kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo ayé bá máa jókòó wo ikú rẹ̀, èmi náà á wà níbẹ̀.”

Àwọn méjèèjì jọ lọ. Iná kú.

Ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe ọmọ Ìyá yọ lójú fíìmù, ó ga bí àkàbà, ohùn rẹ̀ dùn, ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé. Kò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọlọ́pàá tí inú rírun kì í jẹ́ kó sáré nínú ìwé ló wá ń fò láti òrùlé dé òrùlé. Ọ̀gá ilé ìkàwé pòṣé títí tí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ní kó rọra.

Nígbà tó yá, apànìyàn wọlé. Ọmọbìnrin gíga náà ké, ó ṣubú. Ìyá ń retí kí àyà òun já, àmọ́ kò já. Àánú ọmọ náà ṣe é, bí àánú ọmọ ọlọ́mọ ṣe máa ń ṣeni. Ó mí kanlẹ̀, ara tù ú pẹ̀sẹ̀.

Níta, ọ̀gá ilé ìkàwé yíjú sí Ìyá.

“Wọ́n ba ìwé yẹn jẹ́ pátápátá, Màmá. Ṣé ẹ ò bínú ni?”

“Kí ni màá bínú sí? Ẹ̀rù ló ti ń bà mí pé màá tún sin ọmọ mi lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ẹlòmíràn ni wọ́n pa níbẹ̀ yẹn. Wọn ò fọwọ́ kan tèmi.”

Ìyá di ọ̀gá ilé ìkàwé lọ́wọ́ mú, ó ní ebi ń pa òun, kí wọ́n lọ wá nǹkan jẹ.