Ẹni Tó Kọ́kọ́ Ń Wọ Omi ní Mirrabool

Irọ́ tí Verna Noske pa fún Elwyn Traeger kò gùn rárá. Ẹnu ọ̀nà ilé Elwyn ló ti pa á lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, ó gbé àwo kéèkì lọ́wọ́, oòrùn sì ń ta á lẹ́yìn ọrùn.

"Elwyn, àwọn adójútòfò ló sọ ọ́ o. Wọ́n ní ẹni tó bá ti kọjá ọgọ́rin ọdún kò gbọ́dọ̀ wọ omi níbi ayẹyẹ adágún mọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn ò ní dá wa lóhùn."

Elwyn fara ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga ni, àmọ́ ọjọ́ orí ti tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ̀ka igi tó so jù. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣé tèmi ni kéèkì yẹn, àbí o kàn ń gbé e gba oòrùn?"

Verna rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo náà fún un. Ṣùgbọ́n kó tó dé ilé, ẹ̀rín náà ti korò lẹ́nu rẹ̀. Àádọ́ta ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi pé Ọlọ́run kò fẹ́ ètè èké. Òun náà ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlagbà, tó fi kéèkì bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Kí ohun tó ṣe lè yé ènìyàn, ó yẹ kí a mọ bí Ibùdó Ìgbafẹ́ Mirrabool ṣe dé ilẹ̀ ayé.

Mirrabool kò ní odò. Oko àlìkámà ló yí ìlú náà ká, àti oko àjàrà díẹ̀ níhà òkè. Láyé ìgbà tí Verna wà lọ́mọdé, inú kòtò omi tí àwọn àgbẹ̀ gbẹ́ fún màlúù ni àwọn ọmọ ti ń wẹ̀ nígbà ooru. Omi náà a máa pọ́n bíi tíì, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ a sì máa di ẹsẹ̀ mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Lindsay, ẹ̀gbọ́n Verna, fò sínú kòtò omi bàbá wọn, kò sì jáde. Elwyn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá bàbá wọn kórè lọ́dún yẹn, sáré dé, ó rì wọ inú omi náà, ó jáde lọ́wọ́ òfo, ó tún rì. Ó wá gbé Lindsay jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀. Orí igi ọgbà ni Verna jókòó sí, ó rí gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìsìnkú, kò sẹ́ni tó lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Àwọn àgbẹ̀ dúró lábẹ́ igi tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń sọ ohun tó máa mú wá. Ọ̀kan ní yanrìn lòun ní. Ọ̀kan ní katakata òun wà ńlẹ̀. Ọ̀kan tí kò ní nǹkan kan ní apá òun kò tíì kán. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta lẹ́yìn ìkórè, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń po sìmẹ́ńtì. Ìdílé kọ̀ọ̀kan kun ọwọ́ ṣọ́bìrì tirẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀ kí wọ́n má bàa jà sí i lálẹ́. Àwọn obìnrin ń se jáàmù tà, wọ́n sì ń bọ́ àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ló kọ́kọ́ parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jó, tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, tí àwọn arúgbó sì ti ń ta káàdì. Ara ògiri gbọ̀ngàn náà ni àwọn ṣọ́bìrì náà wà títí di òní.

Ṣùgbọ́n nígbà tí omi kún adágún náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Gbogbo ìlú dúró yí i ká, omi náà mọ́ gaara, àwọn ọmọ sì ń wo ojú àwọn ìyá wọn. Elwyn ló bọ́ ẹ̀wù rẹ̀. Ó wọ omi, ó lúwẹ̀ẹ́ dé òpin kejì, ó fọwọ́ kan ògiri, ó wá na ọwọ́ sókè. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ tó fò sínú omi.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣí adágún náà lọ́dọọdún nígbà ooru, ọ̀kan nínú àwọn tó gbẹ́ ẹ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ bọ omi títí ẹni náà yóò fi na ọwọ́ sókè. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ń lọ sọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan. Elwyn nìkan ló kù.

Kí ló wá mú Verna parọ́? Yìnyín ló fọ́ òrùlé gbọ̀ngàn lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń fọ omi náà sì ti dákẹ́. Verna ni alága ìgbìmọ̀. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, inú kòtò màlúù ni àwọn ọmọ yóò padà sí. Harpal Dhillon, tó ra oko àjàrà òkè, gbọ́, ó sì fi owó ara rẹ̀ tún gbogbo rẹ̀ ṣe, láìjẹ́ kí ẹnì kan bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí Verna lọ dúpẹ́, ọpẹ́ náà dà bíi pé ó kéré lẹ́nu rẹ̀. Ó rí Jasleen, ọmọbìnrin ọkùnrin náà, lórí àga níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ọmọ yín ni a fẹ́ kó kọ́kọ́ wọ omi lọ́dún yìí."

Dhillon tẹ orí ba. "Ìyẹn tóbi jù fún wa, Ìyáàfin Noske."

"Kò tóbi rárá."

Ọ̀rọ̀ náà sì di àdéhùn.

Lọ́jọ́rú, ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí Verna jẹun. Ó rìn lọ sílé Elwyn láti lọ sọ òótọ́. Nígbà tó dé géètì, ó rí ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà lórí okùn, tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú atẹ́gùn. Ó dúró, ó wò ó. Ó yí padà sílé bí olè.

Lọ́jọ́ Àìkú, orí ìjókòó kan náà ni wọ́n jókòó sí, bí wọ́n ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Elwyn ṣí ìwé orin fún un torí ó mọ̀ pé ojú rẹ̀ kì í ríran dáadáa láìsí awò. Nígbà tí wọ́n dé ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo ìjọ gbé ohùn sókè. Ètè lásán ni Verna ń mì. Nígbà tó délé, ó bá ọsàn wẹ́wẹ́ kíkan nínú àpò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, láti ara igi Elwyn. Ó gbé e wọlé, kò sì lè bù ú jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n ṣí adágún náà gbóná. Àwọn odídẹrẹ́ funfun ń pariwo lórí òpó iná. Dulcie Hoffrichter, tó ń bójú tó tíì, ti to kéèkì alágbọn sórí tábìlì, ó ń fi aṣọ lé eṣinṣin.

Ó bi Verna pé, "Elwyn ń kọ́? Mo rí i lábẹ́ igi, ó wọ ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ìsìnkú ló wá ni?"

"Àwọn adójútòfò ni."

"Àwọn wo? Àwọn tí kò rí wa láti ọjọ́ táláyé ti dáyé?" Dulcie da tíì sínú ife. "Ó dáa o. Ìwọ ni alága."

Verna dìde, ó ka ìtàn ibùdó náà bó ti ń kà á lọ́dọọdún. Ó ka ti yanrìn, ó ka ti katakata àti jáàmù, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín sí ibi tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín sí. Nígbà tó dé ibi kan, ó gbójú sókè, ó rí Elwyn lábẹ́ igi, fìlà rẹ̀ lórí eékún. Ó yára gbójú kúrò. Ó fo ìpínrọ̀ kan, ó sì bọ́ sí orí ọpẹ́ fún ìdílé Dhillon.

Jasleen wọ omi. Ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ó kọjá. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó na ọwọ́ sókè.

Kò sẹ́ni tó fò.

Àwọn ọmọ jókòó yí etí adágún ká, wọ́n ká ẹsẹ̀ wọn sókè kí omi má bàa kàn án. Abẹ́ igi ni gbogbo wọn ń wò. Jasleen sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì.

Dhillon sún mọ́ Verna, ó rọ ohùn. "Kí ni wọ́n ń dúró dè?"

Verna sọ fún un. Kò fi nǹkan kan bò, nítorí kò sí ibi tó tún lè bò ó sí.

Ọkùnrin náà bi í pé, "Ta ló béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín?"

"Kò sẹ́nì kan."

"Mo sọ fún yín pé ó tóbi jù fún wa."

"Mo rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ lẹ fi ń sọ ọ́."

"Rárá o. Ohun tí mo sọ ni mo ní lọ́kàn." Ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó dá wà nínú omi. "Ẹ ti dójú ti ọmọ mi lójú gbogbo ìlú yìí. Ẹ lọ bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀."

Ọ̀nà láti ibẹ̀ dé abẹ́ igi kò jìn, àmọ́ ó gùn lẹ́sẹ̀ Verna. Ó kúnlẹ̀ lórí koríko kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Elwyn, kò sí òfin adójútòfò kankan. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá yín ṣe ìwé adójútòfò yẹn."

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Kí n tó jẹ kéèkì náà tán ni."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Mo ń retí rẹ. Mo rí ọ ní géètì lọ́jọ́rú. Kí ni mo sá ṣòkòtò síta fún, tí omi kò sí lára rẹ̀?"

"Ìkà ni yín."

"Díẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín. "Verna, ti omi kọ́ ló dùn mí. Bí ọmọ yẹn bá fẹ́ ṣíwájú, kó ṣíwájú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì gbọ́ tí wọ́n ka ìtàn yìí láìdárúkọ Lindsay, ìwọ lo sì kà á."

Verna kò mọ̀ pé ìpínrọ̀ yẹn ni òun fò. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó sì rí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ náà, ìtìjú ti mú kó fi í sílẹ̀ bí ẹrù tí kò wúlò. Omijé rẹ̀ kán sórí koríko.

Elwyn ní, "Lọ kà á. Bí o bá kà á, màá wọ omi. Bí o kò bá kà á, màá lọ sílé lọ jẹ ọsàn mi tó kù."

Ó padà sí iwájú. Ó sọ fún gbogbo wọn pé òun ti parọ́ mọ́ adójútòfò, pé òun ti gba ohun tó jẹ́ ti Elwyn láti fi ta ẹni tí kò béèrè lọ́rẹ, pé kí Jasleen àti bàbá rẹ̀ dárí ji òun. Lẹ́yìn náà ló ka ìpínrọ̀ yẹn, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní odindi, àti kòtò omi bàbá wọn, àti ẹni tó rì wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sì retí rẹ̀.

Abẹ́ ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì ni ti ìlúwẹ̀ẹ́ wà. Elwyn gbé fìlà rẹ̀ fún Verna, ó di irin mú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wọ omi. Ó lúwẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ń sinmi, Verna sì ń bá a rìn létí omi, fìlà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbàdúrà láìlo ọ̀rọ̀. Jasleen dúró dè é lẹ́bàá ògiri. Nígbà tó ku díẹ̀, ọmọ náà na ọwọ́ sí i, àmọ́ kò fà á. Elwyn fọwọ́ kan ògiri. Ó na ọwọ́ sókè.

Àwọn ọmọ fò lẹ́ẹ̀kan náà, omi sì ta dé ara Verna láti orí dé ẹsẹ̀.

Nígbà tí Elwyn jáde, ó ń mí hẹlẹ, ó gba fìlà rẹ̀. Verna ní, "Ẹ dárí jì mí."

"Ti irọ́ yẹn, mo ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ Ajé." Ó nu ojú rẹ̀. "Ti kéèkì yẹn ló máa pẹ́ díẹ̀. Gbígbẹ ló gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn."

Verna rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mọ́ ọn pé ó tún lè rẹ́rìn-ín. Ó lọ bá Dulcie lẹ́yìn tábìlì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ tó tutù sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ife.