Pátákó Oníná Mẹ́wàá

Mo gé pátákó kan bí orí ènìyàn, mo lu ihò mẹ́wàá sí i, mo ki gílóòbù bọ ihò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi súìṣì sábẹ́ wọn. Mo wá so wọn mọ́ àwọn nǹkan inú gbọ̀ngàn: ọ̀kan mọ́ fáànù, ọ̀kan mọ́ iná tó ń tàn sórí àwòrán, ọ̀kan mọ́ makirofóònù. Kò sí súìṣì tí kò níṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ìbínú ò jẹ́ kó rẹ̀ mí.

Aránṣọ ni àbúrò mi obìnrin, ó sì ní wárápá. Ọdún mẹ́fà ni oògùn fi ká wárápá náà lọ́wọ́ kò, títí ó fi gbọ́ ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọ̀gá Lajú-Ọpọlọ lórí redíò: "Ìdá kan nínú mẹ́wàá ọpọlọ là ń lò! Mẹ́sàn-án ń sùn, oògùn ló ń kun wọ́n lóorun!" Ó da oògùn nù. Lọ́jọ́ kọkànlá wárápá gbé e, ó ṣubú lu áyọ́ọ̀nù gbígbóná, apá rẹ̀ bó títí dé ìgúnpá. Síbẹ̀ ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀, ọpọlọ mi ló ń jí."

Èmi ni mo ń tún iná ṣe ní gbọ̀ngàn tí ọkùnrin náà ti ń kọ́ni. Lọ́jọ́ Sátidé, lójú àwọn tó wá gbọ́ ọ, tí àbúrò mi náà wà láàárín wọn, mo gbé pátákó mi síwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ọpọlọ rèé. Ẹ bá wa pa mẹ́sàn-án tó ń sùn."

"Oníwáyà fẹ́ di dókítà!" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa ọ̀kan. Fáànù dúró. Ojú ń tì í láti ṣíwọ́, ló bá pa òmíràn. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn. Ó pa ẹ̀kẹta. Ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, a ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọ̀gá, ẹ gbóhùn sókè!" bàbá kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Àbí ohùn náà ti sùn ni?"

Mo yí pátákó padà kí wọ́n ka ohun tí mo kọ sẹ́yìn súìṣì mẹ́ta náà: èémí, ìríran, ọ̀rọ̀ sísọ. "Gílóòbù kì í ṣe ọpọlọ o," mo wí. "Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú apá àbúrò mi fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Gbogbo ọpọlọ kì í ṣiṣẹ́ kára lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kò sí ibi tó wà lásán. Ibikíbi tí ọgbẹ́ bá dé nínú rẹ̀, nǹkan kan á bàjẹ́ lára. Níbo lẹ̀yin ti ka tiyín?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n!"

"Ta ló sọ fún gbogbo ayé?"

Ó wolẹ̀. "Mo rí i nínú fíìmù kan."

Àbúrò mi dìde ní ìjókòó iwájú, ó ń tú báńdéèjì apá rẹ̀. "Fíìmù? Ọ̀gá, fíìmù ni mo torí ẹ̀ jóná báyìí?"

Àga bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ènìyàn ń jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan makirofóònù," Ọ̀gá bẹ̀ mí. Mo yọ fíúùsì rẹ̀, mo fi sápò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, redíò lé Ọ̀gá náà dànù. Nọ́ọ̀sì gbé pátákó mi kọ́ sára ògiri níbi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró. Àbúrò mi ti padà sídìí oògùn, ó pé ogójì ọjọ́ lónìí tí kò ṣubú. Àmọ́ apá rẹ̀ ò tíì ṣeé nà tán. Èmi náà ò sì tíì dárí ji ọkùnrin yẹn.