Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ẹní

Ẹni tó fẹ́ kó ọmọ jáde lọ́la, tó jẹ́ pé ọ̀sán òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá orúkọ ọmọ náà, kí la fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? Bùrọ̀dá Nehemiah tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni mò ń bá wí.

Inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ náà wà. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oyún ìyàwó rẹ̀ pé oṣù méje, ìyá rẹ̀, Màmá Fẹ́yìsetán, wá láti Ọ̀tan-Ilé. Ó ní ara àgbà ò ṣeé fọkàn tán, pé òun ti ní orúkọ kan lọ́kàn fún ọmọ náà, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo. Ṣùgbọ́n a kì í pe orúkọ ọmọ síta kí ọjọ́ ìkómọ tó pé. Ó wá ní kí Bùrọ̀dá mú òun lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí òun sọ orúkọ náà sínú ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ́tí sí i títí ọjọ́ yóò fi kò.

Òkè Baálẹ̀ níbí, l'Óṣogbo, ni ibi iṣẹ́ wa wà. A máa ń da orin àti ìwàásù inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà fún àwọn ìjọ. Bùrọ̀dá gbé ìyá rẹ̀ jókòó sí yàrá tí a ti ń gba ohùn, ó tan ẹ̀rọ, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí Màmá parí, ó fi fáìlì náà pamọ́ láìgbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní kó dà á sórí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú. Ó ní rárá, pé ọwọ́ òun lè ṣèèṣì kàn án, kó máa ké orúkọ àkọ́bí àkọ́bí nínú mọ́tò Iléṣà tó ń gbé òun lọ sílé. Àkọ́bí ni òun náà, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa lọ́jọ́ náà.

Oṣù tó tẹ̀lé e ni rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Apá kan kú, ahọ́n sì wúwo, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Màmá ò mọ̀wé, ká má sọ pé yóò kọ orúkọ náà sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó bí obìnrin, àwọn ẹbí jókòó ti Màmá, wọ́n ń pe orúkọ lóríṣiríṣi sí i létí, ó ń mi orí pé kì í ṣe òun, omi ń dà lójú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wá di ti fáìlì yẹn.

Mo ní kí Bùrọ̀dá fọkàn balẹ̀. Inú sáfà ni gbogbo iṣẹ́ wa wà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Bí èèyàn bá ti so ó mọ́ fódà kan lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ohunkóhun tó bá fi sínú fódà náà, ọ̀dọ̀ sáfà ló ń lọ. Mo gba láptọ́ọ̀pù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣí ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, mo tẹ mount, àṣẹ tó ń so sáfà mọ́ fódà, mo fi orúkọ sáfà àti ti fódà wa, /ohun, tì í. Ó gbà. Mo tẹ ls kí n rí ohun tó wà níbẹ̀. Orin ìjọ kún un bámúbámú. Ohùn Màmá ò sí níbẹ̀.

Mo tún un tẹ̀. Mo fi orúkọ wá a, mo fi ọjọ́ wá a. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo jókòó ti sáfà fúnra rẹ̀, mo tú inú rẹ̀ wò pátá. Kò sí. Nígbà tí mo padà, Bùrọ̀dá ti rí i lójú mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lérí, kò tilẹ̀ lè bínú.

Ó ní, “Rùkáyà, kí ni mo fẹ́ wí fún ìyá mi?”

Bí ẹ̀rù bá bà mí, ìbínú ló ń bá a jáde, bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Mo bi í tìkanratìkanra pé ṣé ó dá a lójú pé inú /ohun ló fi í sí. Ó ní ó dá òun lójú, òun rántí pé iná tọ́ọ̀ṣì ni òun fi rí àwọn lẹ́tà tí òun ń tẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì kẹ̀? Ó ní wọ́n ti mú iná lọ lọ́jọ́ náà. Mo sì mọ̀ pé a kì í tan jẹnẹrétọ̀ tí a bá ń gba ohùn, ariwo rẹ̀ á bà á jẹ́. Bátìrì láptọ́ọ̀pù la fi ń ṣe é.

Bí kò bá sí iná, tí kò sì sí jẹnẹrétọ̀, sáfà ti kú nìyẹn. Fódà tó fi ohùn ìyá rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà, fódà lásán orí láptọ́ọ̀pù ni. Nígbà tí iná dé tí a tún so sáfà, ṣe ló bò ó mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ́ ẹní. Ohun tó wà lábẹ́ ẹní ò kúrò níbẹ̀, ojú ni ò rí i.

Mo tẹ umount, àṣẹ tó ń ká ẹní náà kúrò. Mo tẹ ls. Gbogbo orin ìjọ poora. Fáìlì kan ṣoṣo ló kù, ó jókòó jẹ́jẹ́: màmá. Bùrọ̀dá lọgun Jésù, èmi lọgun Alhamdulillahi, ọ̀gá wa yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀ ó ń bèèrè ta ló kú. A ò tẹ́tí sí ohun tó wà nínú fáìlì náà. Orí fóònù tèmi la dà á sí, èmi tí ọwọ́ mi kì í ṣèèṣì.

Lọ́jọ́ kejì a kó ọmọ jáde n'Íléṣà. Àlùfáà Mẹ́tọ́díìsì gbàdúrà tán, wọ́n gbé Màmá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Mo gbé fóònù sí ẹnu gbohùngbohùn, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn Màmá jáde ketekete, ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà àìsàn.

“Nehemiah, ìwọ kọ́ ni àkọ́bí mi. O ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ó kú sí mi lọ́wọ́ kí n tó lóyún rẹ. Bàbá rẹ ní a ò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ mọ́ nínú ulé, gbogbo ẹbí sì gbà. Inú mi ló wà láti ìgbà náà. Mi ò fẹ́ gbé e wọlẹ̀. Ẹ bá mi pe ọmọ yìí ní Adétọ́lá.”

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Àwọn ìyá àgbà inú ẹbí doríkodò, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti mọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń pe òmíràn sí i létí. Bùrọ̀dá Nehemiah dúró gbagidi, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ó wá kúnlẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó gbé e lé apá ìyá rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ní, “Màmá, Adétọ́lá rèé.”

Màmá wo ọmọ náà. Ètè rẹ̀ ń mì, ohùn ò jáde, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ orúkọ tó ń pè.