A Ti Kíra Nílé

Ọjọ́ tí Àlíyù ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ jẹ mọ́gàjí ilé bàbá wọn, ó pe àwọn àgbà Yorùbá jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní Maourey, nílùú Niamey, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ lé Hàwáù, ìyàwó rẹ̀, lọ́wọ́. "Òun ni ọ̀gá láti òní lọ," ló wí. Àwọn kan ṣàdúrà, àwọn kan wúkọ́. Hàwáù ò tiẹ̀ mira. Kí ni yóò máa bà á lẹ́rù? Ta ló ń bá oníbàárà sọ Haúsá àti Zarma látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ta ló fọwọ́ kan aṣọ tó sì mọ èyí tí yóò ṣí lọ́la? Ó mọ iṣẹ́ náà ju ẹni tó fà á lé e lọ́wọ́ lọ, Àlíyù gan-an sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Àdìgún, àbúrò Àlíyù. Ó ti wà nílé kí wọ́n tó gbé Hàwáù wọlé, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ fún un. Èmi tí mò ń sọ̀tàn lè dárúkọ rẹ̀. Hàwáù ò jẹ́ dán an wò. Ajíṣafẹ́ ló ń pè é, orí ìkúnlẹ̀ ló sì ti ń kí i. Láràárọ̀ tí Àdìgún bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, Hàwáù á dìde lórí àga ọ̀gá, á kúnlẹ̀. Ẹ wá wo ọkùnrin yìí o! Kò ní í tètè dáhùn. Á máa run orín lọ, á wòkè, á wolẹ̀. Kí Hàwáù tó dìde, ó ti gúnwà sórí àga náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tí ọ̀gá ń kúnlẹ̀ fún, ṣé kì í ṣe òun gan-an ni ọ̀gá? Bí Hàwáù bá ní kí wọ́n gbé aṣọ sọ́tùn-ún, ẹnu Àdìgún ni wọ́n ń wò.

Ayé àwọn ṣójà nìyẹn, ayé òkúta yurániọ́mù. Owó ń ya wọ Niamey, ọkọ̀ ẹrù ò sì dáwọ́ dúró lọ́nà Arlit, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta náà nínú aṣálẹ̀. Ọyẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn tó ń rajà fún àwọn awakùsà sì ń wá kúbùsù. Hàwáù wé ìbòrí rẹ̀ dáadáa, ó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, ó fi Faransé díẹ̀ àti Haúsá púpọ̀ bá wọn dúnàá-dúrà. Wọ́n ní bí ẹrù àkọ́kọ́ bá gbéra láàárọ̀ Alámísì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ti máa rajà. Bí kò bá gbéra, kó má wulẹ̀ padà wá mọ́. Hàwáù sì mọ̀ pé àwọn tó wúkọ́ lọ́jọ́sí ń ṣọ́ òun.

Ìrọ̀lẹ́ Alárùba ló jáde, tó bá Boubacar, olórí àwọn aláàrù, níbi tó ti ń kó kúbùsù Arlit sínú ọkọ̀ Yàhàyá, oníṣòwò kan ní Harobanda lódìkejì odò, ọ̀rẹ́ Àdìgún.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ kó o?"

"Ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá wo?"

Boubacar wolẹ̀. Àdìgún sì jáde síta, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Ìyàwó, ṣé ìwọ ló fẹ́ máa pàṣẹ fún ọkọ ẹ ni? Kúnlẹ̀ kó o tó bá mi sọ̀rọ̀."

Áà! Orúnkún Hàwáù ti kanlẹ̀ kí ó tó ronú. Lójú rẹ̀ báyìí ni wọ́n kó kúbùsù yòókù sọ́kọ̀. Inú bí i débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ bá ṣójà pàdé lórí afárá pẹ̀lú ẹrù lálẹ́. Ìrìn ọkọ̀ Yàhàyá di àárọ̀ nìyẹn, iwájú ṣọ́ọ̀bù ló sùn.

Ṣé kó bú u ni? Ìyàwó ilé wo ló ń bú ọkọ? Òun ni àwọn àgbà yóò dá lẹ́bi. Ó ronú, ó ronú, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àbí?

Bó ṣe kírun àsùbáà tán, ó din àkàrà, ó po kókó, ó wọ takisí kọjá afárá lọ sí Lamordé, níbi tí Àdìgún ń dá gbé láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti padà sílé. Ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn níta gbangba. "Ajíṣafẹ́, ọkọ mi, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé dáadáa lẹ jí? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́?" Ó kì í títí àwọn ará àdúgbò fi yọjú. Àdìgún run orín rẹ̀ tẹ́rùn kó tó dáhùn, Hàwáù ò sì dìde. Kò mẹ́nu ba kúbùsù rárá. Ó gbé oúnjẹ sílẹ̀, ó sì wọ takisí padà.

Nígbà tí Àdìgún wọ ṣọ́ọ̀bù, gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò wọ́n. Hàwáù ò dìde lórí àga ọ̀gá. Àdìgún dúró, ó wúkọ́.

"Ìyàwó."

"Ọkọ mi, a ti kíra nílé. Ṣé àkàrà yẹn ò ta jù?" Ó na ọwọ́ sí àga mìíràn tó ti fi aṣọ tó dáa tẹ́. "Ẹ jókòó. Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n já kúbùsù yẹn kúrò nínú ọkọ̀ Yàhàyá, kí wọ́n kó o sínú ti Arlit kíákíá. N ò ṣèlérí méjì."

Ojú rẹ̀ ò yẹ̀. Kí ni Àdìgún fẹ́ wí? Pé wọn ò kí òun? Gbogbo Lamordé ló rí i! Àbí kó ní kí wọ́n tún òun kí lẹ́ẹ̀kejì, bí alájẹkì ìkíni? Ó wo àga, ó wo àwọn èèyàn, ó jókòó.

"Boubacar, ṣé etí yín di ni? Ẹ ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí?"

Kí oòrùn tó mú, ọkọ̀ Arlit ti gbéra. Hàwáù dúró lẹ́nu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ jó. Àdìgún wá dúró tì í, kò gbójú sókè.

"Ìyàwó, ọ̀la ńkọ́? Mo rò pé bó o bá ti dọ̀gá, kò ní í sẹ́ni tí yóò máa kí mi mọ́ nílùú yìí."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Hàwáù. Ó wo ọkùnrin náà dáadáa, àánú rẹ̀ sì ṣe é gan-an.

"Ọkọ mi," ló wí, "ẹ má tíì jẹun lọ́la kí n tó dé."