Lábẹ́ Ọkọ̀ Tó Dojú Dé

Omi mu Aníwúrà dé ọrùn, ọkọ̀ dojú dé níwájú rẹ̀. Morọ́láyọ̀, ìyáálé rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nínú omi, ló mọ̀ọ́mọ̀ yí i dé. Láti àárọ̀ ló ti ń yí i dé, tí yóò sì ní kí Aníwúrà gbé e dìde, kó tún wọ inú rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, Ìyáálé mi."

"Ó rẹ èmi náà, Ìyàwó. Omi ò ní bi ọ́ bóyá ó rẹ̀ ọ́."

Ọmọ àgbẹ̀ Ìkọ̀yà ni Aníwúrà. Odò pípọn nìkan ló mọ̀. Etí òkun ni Morọ́láyọ̀ ti wá, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú, lọ́dún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀, òun ló ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ odò, tó ń gbé púpurú, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, àti epo fún àwọn apẹja, tó ń kó ẹja bọ̀. Ohun tí ilé ń jẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti ń kọṣẹ́, Aníwúrà ló kù tó lè gbà á. Ó ní ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń bọ́ lábẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ gba àjẹ̀.

Wọn kò fẹ́ràn ara wọn nígbà ayé ọkọ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, Aníwúrà rò pé ìyáálé òun fẹ́ fomi pa òun ni.

Báyìí, Aníwúrà tún ọkọ̀ náà yí padà, ó gbọn omi inú rẹ̀ dànù, ó fi àyà wọ́ gòkè láti ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn. Ó ń retí èébú. Kò gbọ́ nǹkan. Nígbà tó wẹ̀yìn, omi ti ń gbé Morọ́láyọ̀ lọ. Apá kan ló fi ń lúwẹ̀ẹ́, èkejì ti rọ.

Aníwúrà wa ọkọ̀ lé e bá, ó na ọwọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́.

"Má fà mí níbẹ̀," ni Morọ́láyọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Ọkọ̀ á tún dojú dé, àwa méjèèjì la máa bá a lọ. Ìdí ọkọ̀ ni."

Ó fà á gòkè láti ìdí ọkọ̀. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú omi tó kù nísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Lọ́la, ìwọ nìkan ni wàá lọ," ni Morọ́láyọ̀ sọ.

"N ò mọ ọ̀nà. Ẹ máa bá mi lọ, kí ẹ jókòó sáàárín ẹrù."

Morọ́láyọ̀ fara ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì dijú. Aníwúrà mú àjẹ̀, ó darí ọkọ̀ sílé. Nígbà tí wọ́n fi dé èbúté, ìyáálé rẹ̀ ti sùn lọ. Aníwúrà kò jí i. Ó di okùn ọkọ̀ mú, ó jókòó tì í títí oòrùn fi gbẹ aṣọ lára àwọn méjèèjì.