Òkè Méjì Nínú Àwòrán Iṣu

"Ó tún ti ṣe é!" Ayọ̀mípọ̀sí lu tábìlì. "Tóyìn, wá wo ìranù!"

Tóyìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní yunifásítì, gbé àkàrà rẹ̀ kalẹ̀, ó wá wo ojú kọ̀ǹpútà. Láti àárọ̀ ni Ayọ̀mípọ̀sí ti ń bá nǹkan náà wọ̀yá ìjà nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Àrámọkọ. Ó ti lọ gbé iṣu àwọn àgbẹ̀ lé òṣùwọ̀n ní Ìlogbo àti Òkè-Ìmẹ̀sí, ó wá fẹ́ fi àwọn nọ́ńbà náà ya ìlà tí yóò fi ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù hàn: ìwọ̀n tí iṣu bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ìlà á ti gòkè. Lákọ̀ọ́kọ́, funfun báláú ni àwòrán jáde. Ó bú kọ̀ǹpútà, ó bú ẹni tó ṣe é, kó tó rí i pé òun alára ló kọ "kílò" mọ́ ìdí nọ́ńbà kan, tí ẹ̀rọ wá ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹ̀bi ta ni ná? Ó pa "kílò" rẹ́, ìlà sì yọjú. Àmọ́ ó gun òkè kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gun òmíràn.

"Òkè méjì," ni Tóyìn wí. "Ẹyọ kan sì ni ọ̀gá ní ká máa retí."

"Mo mọ̀! Ṣé mo fọ́jú ni?"

Lọ́la ni ọ̀gá tó ń kọ́ wọn fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀ kó tó gboyè. Ayọ̀mípọ̀sí dìde, ó jókòó, ó tún dìde.

"Fara balẹ̀ jàre," ni Tóyìn wí. "Ṣebí nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń pinnu bí ìlà yẹn ṣe máa dán tó. Fi kún un."

Ó fi kún un, àwọn òkè náà rẹlẹ̀. Ó tún fi kún un, wọ́n lẹ̀ mọ́ra, wọ́n di òkè kan ṣoṣo tó dùn ún wò.

"Ó parí!" Tóyìn pàtẹ́wọ́. "Fi ránṣẹ́ kíá."

Ó yẹ kí inú Ayọ̀mípọ̀sí dùn, ṣùgbọ́n kò dùn rárá. "Wo ibi tí orí òkè yìí wà. Ekukáká ni mo fi rí iṣu kan tó wọ̀n báyìí."

Fóònù rẹ̀ dún. Ìyá Ilésanmí ni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó gbà á lálejò ní Òkè-Ìmẹ̀sí nígbà tó lọ wọn iṣu.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣé àwọn tíṣà yín yin uṣu wa?"

"Wọn ò tíì rí i, mà."

"Háà, wọn á yìn ín! A kúkú ti ṣa àwọn tó jọjú sílẹ̀ kó o tó dé. Ṣé ká wá jẹ́ kó o gbé wúruwùru wa lọ sí yunifásítì ni? Àwọn kéékèèké wà lẹ́yìn abà, a fi ewé bò wọ́n."

Ayọ̀mípọ̀sí kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Ní Ìlogbo tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, èyí tó bá lọ́wọ́ ni wọ́n gbé fún un. Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, ọmọ ilé ni, wọ́n sì fi èyí tó dára jù ṣe é lálejò. Ìdí òkè méjì nìyẹn; ẹ̀rọ kò ṣìṣe rárá.

"Ṣé iṣu ò ta dáadáa lọ́dún yìí ni, mà?"

"Òjò tètè lọ," ni Ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ojú ló ń tì wá, ọmọ mi."

Tóyìn tẹnu bọ̀ ọ́ létí. "Fi ránṣẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Ayọ̀mípọ̀sí dá nọ́ńbà náà padà sí bó ṣe wà. Òkè méjèèjì tún yọrí. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fa òṣùwọ̀n yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ọ̀la ńkọ́?" ni Tóyìn kígbe.

"Ibi tó bá bá mi ni kó bá mi." Ó gbé fóònù padà sétí. "Mà, mo ń bá ọ̀kadà bọ̀ báyìí."

"Ṣé kí n tètè ṣa àwọn ńlá mìíràn sílẹ̀ dè ọ́?"

"Rárá, mà," ni Ayọ̀mípọ̀sí wí. "Ẹ ṣáà bá mi ṣí ewé yẹn kúrò."